Kí A Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì Fún Ọmọ, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ọwọ́ Olùkọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, ìwé kan máa ń ti ilé-ìwé wá bá òbí nílé. Owó ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, owó ìwé kíkà wà níbẹ̀, owó aṣọ náà wà níbẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn ilé-ìwé aládàáni kan, títí kan àwọn ilé-ìwé Mùsùlùmí tí à ń rán àwọn ọmọ wa lọ, ti fi owó tábúlẹ́ẹ̀tì kún un. Òbí tí ó ń ta gààrí àti òbí tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa, kò sí èyí tí ìwé náà kì í bá. Wọ́n á yá owó, wọ́n á san án, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi ọmọ òun sílẹ̀.

A mọ ilé-ìwé kan tí wọ́n ti gba irú owó yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀ ní ìparí sáà kejì, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé ni àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà wà, wọ́n tò wọ́n jọ bí àwo tí a tọ́jú de ọdún Iléyá. Òmíràn ti fọ́ lójú, òmíràn kò gba iná mọ́. Ohun tí ó ká wa lára jù ni èsì tí olùkọ́ ìṣirò wọn fún wa: "Kò sẹ́ni tó fi bí wọ́n ṣe ń fi í kọ́ni hàn mí." Ọ̀lẹ kọ́ ni. A jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀, a sì rí i bí ó ṣe ń làágùn lórí iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá kéwú nígbà tí wàláà ṣì wọ́pọ̀ yóò rántí bí ó ṣe máa ń rí. Àáfáà á fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí ojú pákó, ọmọ á gbé e lọ sí abẹ́ igi, á máa kà á ní àkàtúnkà. Tí ó bá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, á padà wá jókòó síwájú Àáfáà, á kà á. Bí ó bá kà á já, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Bí ó bá ṣì í, ó di kí ó padà sábẹ́ igi. Pákó lásán ni wàláà. Etí Àáfáà ni iṣẹ́ náà dúró lé, etí tí ó ń gbọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ̀ pé Ràṣídì ti mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ fún Sẹ̀kínà.

Nínú kíláàsì òde òní, etí yìí ni ó sọnù. Olùkọ́ kan ṣoṣo dúró níwájú ọmọ 40 tàbí 50. Ó kọ́ wọn tán, ó béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó yé wa, sà!" Ohùn àwọn tí ó yé ti bo ohùn àwọn tí kò yé mọ́lẹ̀. Ọmọ tí kò yé mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ni òun náà bá bá wọn hó. Ìdánwò ìparí sáà ni yóò tú àṣírí, nígbà tí olùkọ́ ti kúrò lórí ẹ̀kọ́ náà tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ kan wá pé kí ilé-ìwé rà á, ohun tí àwa máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ṣé yóò jẹ́ kí olùkọ́ mọ ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé kí agogo tó lù?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbìyànjú ní ọdún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé kókó-ẹ̀kọ́ 17 wà nínú rẹ̀, àti àwọn ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá. Kí a má parọ́, ó tán ìyà fún òbí tí kò lágbára láti ra ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ọwọ́ ọmọ ni wọ́n gbé e lé. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé tẹ́lẹ̀ á jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ kì í gbé ìwé ńkọ́? Ìwé inú ẹ̀rọ kì í lọ bá olùkọ́ pé, "Ẹ wá wo ọmọ yìí o."

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n pín kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní One Laptop per Child. Ní 2012, àwọn olùṣèwádìí tí wọ́n yẹ ilé-ìwé 319 wò ní ìgbèríko ibẹ̀ gbé àbájáde wọn jáde: kọ̀ǹpútà pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìtẹ̀síwájú kankan nínú ìṣirò àti èdè. Owó ńlá ti wọlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nínú kíláàsì kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí kò ná tó bẹ́ẹ̀ rárá. Olùkọ́ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà ni ó ronú rẹ̀, Plickers ni orúkọ rẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́, fóònù olùkọ́. Ọmọ kankan kò nílò ẹ̀rọ. Wọ́n á tẹ kádì sórí bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní kádì tirẹ̀. Àwòrán dúdú kan wà láàrin kádì náà, ó ní ìhà mẹ́rin, wọ́n sì fi lẹ́tà kéékèèké A, B, C àti D kọ sí etí ìhà wọ̀nyẹn. Olùkọ́ á béèrè ìbéèrè, ọmọ á yí kádì rẹ̀ kí lẹ́tà ìdáhùn rẹ̀ lè wà lókè, á gbé e sókè. Olùkọ́ á gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀, á fi wo kíláàsì láti ọ̀tún dé òsì. Orúkọ àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú fóònù: ẹni tí ó gbà á á ní àwọ̀ ewé, ẹni tí ó ṣì í á ní àwọ̀ pupa. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí pé àwòrán kádì yàtọ̀ síra, tí lẹ́tà rẹ̀ sì kéré, ọmọ kan kò lè wo ti ẹnìkejì kó sì jí ìdáhùn. Ọmọ tí ó ń tijú náà ti sọ̀rọ̀, ẹnìkan kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbéèrè tí olùkọ́ bá béèrè ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí ná: èwo ni ó tóbi jù, 1/3 tàbí 1/4? Ọmọ púpọ̀ á mú 1/4, nítorí wọ́n mọ̀ pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Àṣìṣe yìí kì í hàn nínú "ó yé wa, sà." Bí olùkọ́ bá rí i pé kíláàsì pín sí méjì, kó má tíì sọ ìdáhùn. Kó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yíjú sí ẹni tí ó jókòó tì í, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn. Ọmọ kan á ní, "Tí a bá pín búrẹ́dì kan fún ènìyàn mẹ́ta, tí a tún pín òmíràn fún ènìyàn mẹ́rin, ta ni tirẹ̀ máa tóbi?" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tún gbé kádì sókè. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí láti ọdún 1991, lẹ́yìn tí ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n orí wọn, lè ṣe ìṣirò tó le kí ohun ìpìlẹ̀ sì má yé wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye nǹkan máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, nígbà mìíràn ju ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún sẹ́yìn. Bí kò bá sí fóònù rárá, páálí aláwọ̀ mẹ́rin tí ọmọ lè gbé sókè á ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Àpẹẹrẹ kan tún wà nítòsí wa, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2024, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kó àwọn ọmọ SS1 jọ sídìí kọ̀ǹpútà ní ìlú Benin lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò, irú èyí tí ènìyàn ń bi ní ìbéèrè tí ó sì ń dáhùn bí ẹni pé ènìyàn ni. Báńkì Àgbáyé yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn yìí ló mú "ẹ̀rọ" níbẹ̀, tí wọ́n fi "olùkọ́" sílẹ̀. Olùkọ́ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà: òun ni ó ń fún wọn ní ìbéèrè tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń darí wọn. Ní Èkó náà, ètò EKOEXCEL fi tábúlẹ́ẹ̀tì sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ètò iṣẹ́ ojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ́ wa lọ́rùn pé ọwọ́ olùkọ́ ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀rù tí ó ń bà wá ni kí olùkọ́ máa tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ, kó máa ka ohun tí wọ́n kọ fún un, kó má wo ojú ọmọ mọ́.

Àwọn Àáfáà wa ò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Láti 1961 tí wọ́n ti gbé gbogbo Kùránì tí Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary kà jáde ní ilẹ̀ Íjíbítì, ohùn olùkà tó péye ti wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Àáfáà lè gbé spíkà kékeré kan sí iwájú, kó tẹ ohùn náà dúró lẹ́yìn gbólóhùn kan, kí àwọn ọmọ tún un kà, kí òun sì máa rìn láàrin wọn, kó máa gbọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ sinmi, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná àti dátà wá ńkọ́? Kí olùkọ́ fa fídíò tàbí ohùn sílẹ̀ sórí fóònù láti ilé, kó má gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kíláàsì. Ilé-ìwé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan lè gbé Kolibri sí i, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò kún inú rẹ̀. Àwọn fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí lè bá a sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sanwó dátà tí wọ́n fi fa nǹkan wọ̀nyí? Olùkọ́ ni, láti inú owó oṣù tí gbogbo wa mọ bí ó ṣe kéré tó. Òbí tí ó lè san owó tábúlẹ́ẹ̀tì odidi kan lè bá àwọn òbí yòókù dá owó dátà olùkọ́ fún sáà kan, ìyókù á sì ṣẹ́ kù sápò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló le jù. Àṣà tí ó wà ni pé kí wọ́n pè wọ́n sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnìkan fi nǹkan mẹ́wàá hàn wọ́n lójú ògiri, kí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Ní ọjọ́ Ajé, kò sí ìkankan tí ó kù lórí. Nǹkan kan ṣoṣo fún odidi sáà tó. Kí olùkọ́ méjì nínú ilé-ìwé kan náà jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀kan máa wọ kíláàsì ìkejì lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sọ ibi tí ó ti dára àti ibi tí ó ti daarú. Ọ̀gá ilé-ìwé kò gbọdọ̀ sọ àbẹ̀wò yìí di ìwádìí ẹ̀sùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olùkọ́ á padà sídìí ẹfun rẹ̀. Àwọn àgbà olùkọ́ ń bẹ̀rù kí ọmọdé má fi wọ́n rẹ́rìn-ín nídìí fóònù. A mọ ìyá kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tí wọ́n fi ṣe olórí kíláàsì ni ó gbé fóònù náà fún pé kó máa bá òun fi wo kádì. Ìyá náà ń béèrè ìbéèrè, ọmọ ń wo ojú fóònù, ẹ̀kọ́ ń lọ.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ sọ kí a má gbàgbé. Fóònù tí ó wọ kíláàsì fún ẹ̀kọ́ kò wọ ibẹ̀ láti ya àwòrán ọmọ wa sí Facebook. Kí ilé-ìwé gba àṣẹ òbí kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí àwọn ọmọbìnrin.

Ilé-ìwé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n pín tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó ṣì ń gba iná fún olùkọ́ mẹ́rin, àwọn òbí sì ń dá owó dátà wọn. Olùkọ́ ìṣirò náà ti tẹ kádì rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lò ó, ìbéèrè 1/3 àti 1/4 yẹn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ìdajì kíláàsì tí wọ́n mú 1/4. Ó ní òun ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n sì ti hó fún òun pé ó yé àwọn.