Ta Ló Sọ Ẹ̀ṣọ́ Apá Òsì Di Olówó?

Òde ìkómọjáde kan ní Maryland la wà, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ níyàrá, tí bàbá àgbà kan fi rí orúkọ lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan: Fashanu. Inú bàbá dùn. Lẹ́yìn tó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ yìí ò ju bọ́ọ̀lù, kò gbé e sáré, kò sì hán an. Kí ni wọ́n wá ń sanwó fún un sí?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Olumuyiwa Fashanu, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Penn State, ni New York Jets mú ní ipò kọkànlá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọ̀dọ́ ní 2024. Left tackle ni iṣẹ́ tó ti fi gbajúmọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, fi ń jù ú. Bí wọ́n bá ti fẹ́ jù ú, òsì a di ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀yìn yẹn ni left tackle ń ṣọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ náà di ńlá ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀pọ̀ á ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1985 ni, nígbà tí Washington gbàlejò New York Giants. John Riggins ti Washington gba bọ́ọ̀lù, ó ṣe bí ẹni ń sáré lọ síwájú, ó yíjú padà, ó sọ ọ́ padà sí Joe Theismann, quarterback wọn. Ẹ̀tàn náà ò ṣiṣẹ́. Theismann ṣì ń wá ẹni tó máa jù ú sí nígbà tí Lawrence Taylor ti Giants já lù ú látẹ̀yìn. Eegun ojúgun ṣẹ́. Taylor fúnra rẹ̀ ló fò dìde, tó ń juwọ́ pe àwọn olùtọ́jú pé kí wọ́n yára máa bọ̀. Theismann ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Joe Jacoby, tó máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ò sì sí lórí pápá lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun náà ti fara pa.

Àwọn ará San Francisco ò ní gbà fún yín. Wọ́n á ní Bill Walsh, akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn, ti rí ewu Taylor kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kán. Ní oṣù kìíní 1982, nígbà tí wọ́n pàdé Giants, ó ní kí John Ayers, tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ left tackle, máa fà sẹ́yìn lọ pàdé Taylor. Gbogbo ibi tí Taylor bá gbà, Ayers ló ń bá níbẹ̀. Wọ́n na Giants ní 38 sí 24. Tiwọn ni mo fara mọ́: ẹ̀rọ̀ ti wà kí àjálù tó dé.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ò tíì di owó. Kò rọrùn fún agbábọ́ọ̀lù láti kúrò lẹ́gbẹ́ tó ni í, àfi ìgbà tí Freeman McNeil àtàwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé NFL, ìyẹn líìgì wọn, lọ sílé ẹjọ́, tí wọ́n sì jàre ní 1992. Lọ́dún kejì, Indianapolis gba Will Wolford, left tackle kan, kúrò ní Buffalo pẹ̀lú mílíọ̀nù 7.65 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa gbowó jù ú lọ nínú àwọn akọluni ẹgbẹ́ náà, títí kan quarterback. Ẹnu yà gbogbo èèyàn.

Ayers ti fẹ̀yìn tì kí owó yẹn tó dé. Ó kú ní 1995. Ó ń dùn mí pé iye tí wọ́n ń san fún ẹ̀ṣọ́ làwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń mọ̀ lónìí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Wọ́n ò sábà dárúkọ ẹ̀ṣọ́ àfi tó bá ṣàṣìṣe. Ó yẹ kí tẹlifíṣọ̀n máa tún ìjà ìlà iwájú fi hàn, kí bàbá àgbà yẹn lè rí iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe.