Fèrèsé Alumíníọ́mù: Ẹ Má Fi Ìmọ́tótó Bà Á Jẹ́



Ẹni tó bá gba Under G kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọyẹ́ yóò rí bí eruku ṣe máa ń bo fèrèsé alumíníọ́mù àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ló ń gbé e bọ̀, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà sì ń fi tirẹ̀ kún un. Eruku yìí kì í dúró síta. Bí a bá ti ṣí fèrèsé, inú yàrá ló ń bọ̀, ẹni tó ní ásímà ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́dún kan, nígbà tí Ramadan ku ọ̀sẹ̀ kan, mo da ásíìdì tí a fi ń fọ tọ́yílẹ́ẹ̀tì sínú báákẹ́tì, mo tún da bílíìṣì lé e. N kò tíì dé ìdí fèrèsé kejì tí ọ̀fun fi ń ta mí, tí ojú mi ń ṣomi. Ọmọ mi tó ń bá mi pọnmi ti ń wúkọ́. Ọlọ́run ló yọ wá, a sá jáde síta gbangba. Gáàsì chlorine ni àpòpọ̀ méjèèjì máa ń mú jáde, ó sì lè pa ènìyàn. Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo rí i pé fèrèsé náà ti ní àbàwọ́n funfun tí kò lọ mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Alumíníọ́mù ní awọ tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ó máa ń hu awọ tínrín kan tí ojú kò lè rí, òun ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún bí irin. Ásíìdì máa ń jẹ awọ náà, bẹ́ẹ̀ ni sódà àti eérú. Ìkòkò tí a fi eérú àti kànrìnkàn onírin họ ń dán nítorí pé awọ rẹ̀ la họ kúrò. Ìkòkò á tún hu òmíràn, ṣùgbọ́n fèrèsé tí wọ́n kùn kò lè hu àwọ̀ rẹ̀ padà. Sìmẹ́ǹtì tútù náà ń jẹ ẹ́. Bí bíríkìlà bá ń rẹ́ ògiri, ẹ fi ọ̀rá bo fèrèsé. Bí ó bá ta sí i, ẹ fi omi ṣàn án kó tó gbẹ.

Báyìí ni kí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́:

1. Ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Oòrùn líle máa ń gbẹ ọṣẹ mọ́ ọn lára.

2. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣàn án. Bí ẹ bá nù ún ní gbígbẹ, yanrìn inú eruku yóò ha á, eruku yóò sì wọ imú yín.

3. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, díẹ̀ nínú omi, àti àkísà rírọ̀ ti tó. Ẹ yẹra fún ọṣẹ dúdú, eérú wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fi omi ṣòfò.

4. Ẹ wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú irin tí gíláàsì ń rìn lórí rẹ̀, kí ẹ fi igi tín-ín-rín tú u. Bí ó bá dí, omi òjò á wọ yàrá. Níbi tí omi bá dúró sí, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ fọ̀ ọ́.

5. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé dúró lójú fèrèsé. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá igi gígùn. Àkàbà alumíníọ́mù máa ń gbé iná mànàmáná, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà.

Ẹ ṣe é lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹ tún un ṣe lásìkò òjò. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí títì máa ṣe é lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ̀sìn wa ka ìmọ́tótó sí ohun ńlá, ṣùgbọ́n kò ní ká fi pa ara wa lára. Kí Allāhu fi àlàáfíà sínú ilé wa. Āmīn.