Omi Inú Igbó Òkè Harz: Òótọ́ àti Irọ́

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń gba inú igbó òkè Harz kọjá ní Jámánì ló ń rò pé Ọlọ́run ló dá gbogbo adágún tí igi spruce yí ká níbẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn awakùsà ló fọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ń dùn mí pé ìyìn tó tọ́ sí wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fàdákà àti òjé ni wọ́n ń wá lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí kòtò ṣe ń jìn sí i ni omi ń sun sínú rẹ̀, bí wọn ò bá sì gbọ́n ọn jáde, iṣẹ́ parí nìyẹn. Omi náà ni wọ́n fi lé omi. Wọ́n sé àwọn odò kéékèèké lókè, wọ́n la ojú omi gba inú igbó lọ, wọ́n wá jẹ́ kó máa já lu kẹ̀kẹ́ onígi ràgàjì tó ń fa omi ìsàlẹ̀ sókè. Irú kẹ̀kẹ́ kan wà nínú wọn tó wú mi lórí gan-an: abọ́ tó ń gba omi lára rẹ̀ pín sí ìlà méjì, ìlà kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Bí adarí bá da omi sí ìlà kan, okùn á gbé òkúta tó ní fàdákà gòkè. Bó bá da á sí èkejì, kẹ̀kẹ́ á yí padà, okùn á sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé tìtorí iná mànàmáná ni wọ́n ṣe dá dáàmù sílẹ̀. Ta ló gbọ́ iná mànàmáná ní 1715, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Oderteich? Wọ́n parí rẹ̀ ní 1722, kò sì sí dáàmù tó tó o ní Jámánì títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Koríko tí wọ́n bó tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi dí àwọn dáàmù tó ṣáájú rẹ̀ kí wọ́n má baà jò. Ti Oderteich yàtọ̀: òkúta ńláńlá ni wọ́n tò, wọ́n wá ki yangí òkúta sáàárín. Ó ṣì ń gba omi dúró dòní. UNESCO fi gbogbo iṣẹ́ omi yìí kún ogún àgbáyé ní 2010.

Ní ti adágún Oker, tí wọ́n parí dáàmù rẹ̀ ní 1956, ìtàn tó gbilẹ̀ ni pé ṣóńṣó ilé ìjọsìn máa ń yọrí lójú omi nígbà ọ̀dá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wó àwọn ilé abúlé Schulenberg kí omi tó bo ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé àti ojú ọ̀nà àtijọ́ ló lè hàn bí omi bá fà. Ìtàn ṣóńṣó yẹn dùn ún sọ, àmọ́ ó ń jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀, tí wọ́n lọ tún abúlé náà tẹ̀ dó lórí òkè.

Irọ́ tó léwu jù ni pé dáàmù tó kún dẹ́múdẹ́mú ló ń dáàbò bo ará ìsàlẹ̀ odò. Èyí tó kún kò ní àyè tí yóò fi gba àgbàrá. Bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń mu omi náà kò fẹ́ kó dín: láti 1934 ni omi dáàmù Söse ti ń gba inú páìpù lọ sí Bremen, nǹkan bí 200 kìlómítà. Àwọn olùtọ́jú dáàmù ní láti fi àyè sílẹ̀ de òjò àti yìnyín tó ń yọ́, kí wọ́n sì tún tọ́jú omi de ọ̀gbẹlẹ̀.