Ìṣirò Àjùmọ̀ṣe nínú Ìríran Ẹ̀rọ: Ẹ̀kọ́ láti Ara Ojú Alààyè

Ìríran ẹ̀rọ ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa mọ ohun tí kámẹ́rà bá rí. Ìbéèrè méjì ni ó dojú kọ ọ́: ǹjẹ́ ẹ̀rọ mọ ohun tí ó rí? Ǹjẹ́ ó mọ̀ ọ́n lásìkò? Ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń lọ mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ tí ń darí rẹ̀ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ronú, ọkọ̀ ti lọ mítà 10 kí èsì tó jáde.

Kọ̀ǹpútà tí ó ní aṣèṣirò kan ṣoṣo a máa yẹ àmì inú àwòrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán onílà 512, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì 512, ní àmì 262,144. Bí kámẹ́rà bá ń gbé àwòrán 25 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmì di 6,553,600. Bí ó bá tún di dandan láti fi àmì kọ̀ọ̀kan wé àwọn mẹ́jọ tí ó yí i ká, kí etí ohun inú àwòrán lè hàn, ìfiwéra ju mílíọ̀nù 52 lọ.

Ojú alààyè kò gba ọ̀nà yìí. Rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, ní sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 1 péré ni fọ́nrán iṣan tí ń ti ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ní rẹ́tínà gan-an ni a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ ibì kan wé ti àdúgbò rẹ̀, níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1959, Hubel àti Wiesel fi hàn pé nínú ọpọlọ ológbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó jẹ́ pé ìlà tí ó dà sí ìhà kan pàtó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá lóhùn. Ní 1996, Thorpe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọpọlọ ènìyàn a máa ya àwòrán tí ẹranko wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ìdá 150 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́ra ju ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ fíìfíì. Àgbájọ ọwọ́ ni ó mú un yá.

Ìlànà yìí ni CLIP4 ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé pẹ̀lú aṣèṣirò 9,216, àti MPP tí a ṣe fún NASA ní 1983 pẹ̀lú 16,384. Aṣèṣirò kọ̀ọ̀kan ń bójú tó àyè tirẹ̀ nínú àwòrán, ó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ní 1991, Mahowald àti Mead ṣàlàyé rẹ́tínà tí a fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe, tí ìfiwéra ti ń wáyé níbi tí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sí.

Síbẹ̀, àjùmọ̀ṣe ní ààlà. Etí ohun ṣeé rí láti àdúgbò kan ṣoṣo; ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà níwájú, ìròyìn ibi tí ó jìnnà síra gbọ́dọ̀ pàdé, ìrìn-àjò ìròyìn náà sì ń jẹ àkókò. Ohun tí ojú fi kọ́ni ni pé kí a dín ìròyìn kù ní orísun rẹ̀, kí a tó rán an lọ.