Ìrìn-Àjò Dín Ìrun Kù, Kò Dín Àmánà Kù

Ní ọdún 2011, nígbà tí mo ń sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Delta, àdúgbò Ugbuwangue ní ìlú Warri ni mo gbé. Àwọn Itsekiri ni onílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dáadáa yóò mọ̀ pé èdè wọn àti èdè wa kò jìnnà síra: "ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ. Warri jẹ́ ìlú èbúté, ó sì jẹ́ ìlú epo. Ní Ekpan tí ó wà nítòsí ni ìjọba ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní ọdún 1978. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò láti Ìbàdàn, Èkó, Onitsha àti Aba kì í fi í wọ́n níbẹ̀.

Níbi ìrun Jímọ̀ ni mo ti mọ ẹ̀gbọ́n kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ìtàn náà, kí ẹni tí ń ṣe irú òwò tí òun ń ṣe lè rí i fi kọ́gbọ́n. Aṣọ iṣẹ́, bàtà iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́ ni ó máa ń kó láti Èkó wá fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ epo ṣiṣẹ́. Ọjà rẹ̀ kì í pẹ́ tà. Owó rẹ̀ ni í pẹ́. Bí ó bá kó ẹrù sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò ní kí ó padà wá ní Ọjọ́rú. Bí ó bá di Ọjọ́rú, wọn yóò ní ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí ìwé ti lọ sí Port Harcourt. Báyìí ni ọjọ́ mẹ́wàá ṣe ń kọjá lórí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin nílé, tí ó ń sùn ní ilé ìtura, tí kò sì rí nǹkan kan ṣe láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ẹ̀yìn ilé ìtura náà, àwọn àlejò bíi tirẹ̀ máa ń ta káàdì lálẹ́. Póókà ni wọ́n ń ta. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó wòran. Ní alẹ́ kejì, ó fi ₦5,000 sí i, ó sì kó ₦18,000 dìde. Ó wí fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e pé, "Àbúrò, owó oúnjẹ àti owó yàrá mi ni mo kàn ń fi í wá. N kò fọwọ́ kan owó ọjà." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, mo wo ojú rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó jù mí lọ, n kò fẹ́ kí ó rò pé mo ń ṣe wàásù fún òun. Títí di òní ni ẹ̀rín náà ń dùn mí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TA Á

Nínú póókà tí ó wọ́pọ̀ jù lóde òní, káàdì 52 ni wọ́n ń lò. Wọn a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, wọn a sì ṣí márùn-ún sílẹ̀ lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n ti ń ṣí i ni àwọn tí ń ta á ń fi owó lé owó. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà yóò da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, owó tí ó ti fi sí i kò sì ní padà. Nínú àwọn tí ó bá kù, ẹni tí káàdì márùn-ún rẹ̀ dára jù ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára náà lè kó o, bí ó bá lè fi ojú líle àti owó ńlá dẹ́rù ba àwọn yòókù títí wọn yóò fi sá. Nítorí èyí ni àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń sọ pé póókà kì í ṣe tẹ́tẹ́, pé iṣẹ́ ọpọlọ ni.

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Kò dà bí àgbá onínọ́ńbà tí wọ́n ń yí nínú kasínò, èyí tí kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Àgbá tí wọ́n ń lò jù nílẹ̀ Yúróòpù ní ihò 37. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde yóò gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú ìlọ́po 35 lé e, ìyẹn 36 dípò 37. Ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń là.

Nínú póókà, ilé tẹ́tẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni ta á. Ó kàn ń bù nínú owó tí ó wà lórí tábìlì ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ènìyàn mẹ́jọ jókòó, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ₦50,000 lọ́wọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Ká ní owó tí wọ́n ń fi ta á láàrin wákàtí kan jẹ́ ₦200,000, tí onílé sì ń mú náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. ₦10,000 ni tirẹ̀ ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ₦60,000. Àwọn mẹ́jọ náà yóò pín ₦340,000 tí ó kù. Kò sí ọgbọ́n tí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gbọ́n tí gbogbo wọn yóò fi jèrè. Bí ẹnì kan bá là, ẹlòmíràn ti gbé ẹ̀là náà fún un, onílé sì ti bù nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti òwò nìyí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ta bàtà iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, òun jèrè, ẹni tí ó ra á sì rí bàtà wọ̀. Bí ó bá jẹ ₦18,000 nídìí káàdì, ẹnìkan wà nínú yàrá kejì tí kò ní lè sanwó yàrá rẹ̀ lọ́la.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Chris Moneymaker, akọ̀wé ìṣirò owó kan láti Tennessee ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2003, ó fi dọ́là 86 ta póókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gbé e dé ìdíje ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Las Vegas, ó sì gba dọ́là 2,500,000 níbẹ̀. Òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sídìí káàdì. Ènìyàn 839 ni wọ́n jókòó sí ìdíje náà, dọ́là 10,000 sì ni owó ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 838 yòókù ńkọ́? Ta ni ó ń sọ ìtàn tiwọn?

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró ní ẹ̀yìn ilé ìtura. Láti Èkó dé Cotonou, Lomé àti Accra, hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ní kasínò nínú kò ṣòro rí, ọ̀nà ọjà rẹ̀ sì kọjá ní méjì nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Ó di pé kí ó tó mọ iye tí ọjà jẹ́ ní ìlú kan, yóò ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì.

OHUN TÍ ẸSẸ ÀLÙKÙRÁNÌ SỌ

Àwọn kan a máa wí pé bí àwọn bá jẹ, àwọn yóò fi ṣe sàráà. Ẹ jẹ́ kí á wo bí tẹ́tẹ́ àwọn Lárúbáwá ṣe rí kí Ìsìláàmù tó dé. Maysir ni wọ́n ń pè é. Ní àkókò òtútù àti ìyàn, wọn a pa ràkúnmí, wọn a pín ẹran rẹ̀, wọn a sì máa fa ọfà mẹ́wàá láti inú àpò. Méje nínú ọfà náà ní ìpín, mẹ́ta kò ní nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fa òfìfo ni yóò sanwó ràkúnmí. Àwọn tí ó jẹ kì í jẹ ẹran náà. Àwọn tálákà ni wọ́n ń fún, wọn a sì fi ṣe fáàrí. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé pé àǹfààní yìí wà lára ohun tí Suuratul Baqarah, ẹsẹ 219, ń tọ́ka sí nígbà tí ó gbà pé àǹfààní díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní náà lọ. Lẹ́yìn náà ni Suuratul Maaidah, ẹsẹ 90 àti 91, ka á léèwọ̀ pátápátá, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀: ó ń dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀, ó sì ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun. Bí tẹ́tẹ́ tí tálákà ń jẹ nínú rẹ̀ bá di haráàmù, èwo ni ti èyí tí onílé tẹ́tẹ́ ń jẹ?

Ẹ tún wo àánú Ọlọ́hun sí ẹni tí ó wà lórí ìrìn-àjò. Ó dín ìrun oní-rákà mẹ́rin kù sí méjì fún un: àìlà, àlàásárì àti ìṣáì. Ó gbà fún un láti sún àáwẹ̀ Ràmàdáánì síwájú. Ṣùgbọ́n nínú Suuratul Baqarah kan náà, ẹsẹ 283, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó wà lórí ìrìn-àjò tí wọn kò rí akọ̀wé, ibẹ̀ gan-an ni ó ti pàṣẹ pé kí ẹni tí a fi nǹkan síkàáwọ́ rẹ̀ dá àmánà náà padà, kí ó sì bẹ̀rù Olúwa rẹ̀. Ìrìn-àjò dín ìrun kù. Kò dín àmánà kù.

Wọ́n gbà á wá pé nígbà tí ẹnìkan ń jẹ́rìí ìwà rere ẹlòmíràn níwájú Umar ọmọ Khattab, Umar bi í bóyá ó ti bá ẹni náà rin ìrìn-àjò rí, tàbí bóyá ó ti bá a ṣòwò owó rí. Ìdánwò méjèèjì yìí ni ó pàdé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé, ojú mọ̀ ọ́n. Ní Warri, kò sí ẹni tí ó mọ bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà rin irú ìrìn-àjò yìí kí ó tó di Òjíṣẹ́: ó gbé owó Khadijah lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù fún òwò, ó sì mú owó àti èrè rẹ̀ padà wá pé pérépéré.

OWÓ TA NI?

Ní oṣù kejì tí mo ti rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn mi ní àsùbáà. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Ìbàdàn ni ó wá yá. Ó ti gba owó ọjà rẹ̀, ₦600,000, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. ₦240,000 nínú rẹ̀ ni tirẹ̀. ₦360,000 tí ó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin mọ́kànlá tí wọ́n dá owó fún un láti fi rajà kí ó lè jẹ́ kí wọ́n pín èrè. Ní alẹ́ mẹ́ta, ₦410,000 ti lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí owó tòun tán, òun rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun yóò fọwọ́ kan tiwọn, láti fi gba tòun padà.

Nígbà tí ó délé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lọ bá ẹgbẹ́ náà. Ó ní ariwo tí òun ń retí kò wáyé. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ni ó bi òun léèrè pé, "Owó ẹ̀kọ mi, ṣé ó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí tábìlì náà kí ó tó lọ?" Kò rí èsì fún un. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2013 ni ó tó san èyí tí ó kẹ́yìn.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á dúró de ìjọba. Ní ọdún 1977, ìjọba ológun fi òfin de ẹ̀rọ kálòkálò jákèjádò Nàìjíríà. A mọ̀ bí tẹ́tẹ́ ṣe tún gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ NairaBET bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2009, Bet9ja tẹ̀lé e ní 2013, ó sì ti di pé àpò ṣòkòtò ni kasínò wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin. Ìwé àṣẹ lè sọ ilé tẹ́tẹ́ di ohun tí òfin gbà. Kò lè sọ owó ẹlẹ́kọ di tiwa.

Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà yẹ̀ wò. Wọn kò lé e. Wọ́n yí ọ̀nà owó padà. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ni ó ń san owó ọjà sí báǹkì ẹni tí wọ́n ti ń rajà ní Èkó. Ẹni tí ó bá rà á ní Warri náà ń san án tààrà sí àpò ẹgbẹ́. Owó oúnjẹ àti owó yàrá nìkan ni ń wà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Èkejì, bí owó bá ń pẹ́ kí ó tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi a padà sílé, ìgbà tí wọ́n bá pè é ni yóò tó tún lọ; owó ọkọ̀ kéré sí ohun tí àìríṣẹ́ṣe ń jẹ. Ẹ̀kẹta, a máa pe ilé lórí fóònù lẹ́yìn ìrun ìṣáì ní alaalẹ́, nítorí wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń pín káàdì.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ tèmi àti ti gbogbo ẹni tí ó bá mọ ẹ̀sìn díẹ̀. Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ẹni tí ó bá tilẹ̀ pe ẹnì kejì rẹ̀ wá sídìí tẹ́tẹ́ ni Ànábì ní kí ó ṣe sàráà. Ìpè lásán kò kéré lójú Òjíṣẹ́. Ẹ̀rín tèmi náà kò kéré. Bí ará wa bá sọ fún wa pé owó oúnjẹ nìkan ni òun ń wá nídìí káàdì, ẹ jẹ́ kí á gbàgbé pé ó jù wá lọ, kí á bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, owó ta ni ó wà nínú àpò kejì?"

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn tiwa tí ó wà lójú ọ̀nà padà wálé, àwọn àti àmánà tí wọ́n gbé lọ. Àmín.