Ọkàn Tí Ó Sùn Kì í Ṣe Òkú

Àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja ní Òde-Omi mọ̀ pé eérú lè bo ẹyin iná, kí iná má sì tíì kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rí lẹ́yìn ìkọlù àrùn òjijì. Bí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú iṣan ọkàn bá dí, apá kan iṣan náà a kú, kì í sì í sọjí mọ́. Ṣùgbọ́n apá mìíràn lè dẹ́kun iṣẹ́ láìkú: ẹ̀jẹ̀ tí ó ń rí kò tó o ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tó o gbé ẹ̀mí ró.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó kú yàtọ̀ sí èyí tí ó sùn? Dókítà a fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ èròjà ìtànṣán díẹ̀, bíi thallium-201. Iṣan tí ó wà láàyè nìkan ní ń gbà á sínú, ẹ̀rọ ayàwòrán a sì rí ìtànṣán náà láti ìta ara. Bí ibì kan bá ṣófo nínú àwòrán àkọ́kọ́, tí ó sì kún nínú èyí tí a yà lẹ́yìn wákàtí 4 tàbí 24, ó ṣì wà láàyè. Ẹ̀rọ PET a máa lo ṣúgà onítànṣán: iṣan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń gba ṣúgà kò tíì kú.

Àbájáde rẹ̀ kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí STICH ní 2011 fi hàn pé àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó láti mọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ yóò ṣe láǹfààní jù. Ní 2022, ìwádìí REVIVED fi hàn pé, fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gidigidi, fífi stent kún oògùn kò dín ikú kù.

Ní 2006 ni ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ irú ìṣègùn onítànṣán yìí. Ọ̀nà jìn sí Òde-Omi. Nítorí náà, bí àyà bá ń dun ènìyàn gidigidi, tí òógùn sì bò ó, ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kíákíá. Àyẹ̀wò yìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ àti ará, kí a tó sọ fún ìdílé kan pé kò sí ìrètí mọ́, ẹ jẹ́ kí a bá wọn bi dókítà ọkàn léèrè: èwo ni ó kú, èwo ni ó kàn sùn?