Gánà lé ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n rílé wá: ibo ni àwọn Rohingya yóò lọ?

Nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takie títí wọ àwọn agboolé, àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé ọdún tí Gánà lé àwọn èèyàn wọn.

Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Tamale àti ní àwọn ìlú míì ní ìhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ayé òyìnbó. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba ìwé kankan rí. Gánà ni wọ́n sì bí àwọn míì sí. Wọ́n ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi ilé àti owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì, tó ti di Bẹ̀nẹ̀, wálé.

Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí Gánà lé ní agboolé tó lè wọ̀, ó ní ẹbí tí yóò bu oúnjẹ fún un títí yóò fi rí nǹkan ṣe.

Àwọn Rohingya kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Rakhine lórílẹ̀-èdè Myanmar, ìyẹn Bọ́mà tí àwọn sójà wa ti jagun nígbà ogun Hitler. Ilẹ̀ bàbá wọn gan-an ló ń lé wọn. Òfin ọdún 1982 kò ka ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sí ọmọ onílùú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn Rohingya kan tó dìhámọ́ra kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ológun pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun abúlé. Àwọn tó lé ní 700,000 sá lọ sí Bangladesh. Orílẹ̀-èdè kékeré kan nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Gáńbíà, ló gbé Myanmar lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní 2019, pé ó fẹ́ pa ẹ̀yà náà run.

Kì í ṣe Gánà nìkan ló ṣe é o. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni báàgì ‘Ghana Must Go’ ti gba orúkọ. Àwọn náà rílé lọ.

Ṣùgbọ́n ní Cox's Bazar ní Bangladesh, abẹ́ ọparun àti tapólì ni àwọn Rohingya ṣì ń gbé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ ilé míì.